Ká Tó Sọ̀rọ̀ Eré, Níbo Lọmọ Máa Sùn?

 

Ọ̀pọ̀ yín ló rí fọ́tò tí a gbé síbí lẹ́yìn Kérésì, èyí tí àwọn ọmọ wa wà nínú ọkọ̀ kéékèèké tó ń kọ lu ara wọn ní Magicland, Àbújá. Ẹ ní ó rẹwà. Àwọn kan bi wá pé báwo la ṣe rí i ṣe pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ohun tí fọ́tò yẹn ò sọ ni pé, nítorí ọ̀rọ̀ ibi tí a máa sùn, díẹ̀ ló kù kí àwa àti ẹ̀gbọ́n wa má bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí a mọ̀ pé àwa nìkan kọ́ là ń kó ọmọ kiri.

Ọmọ mẹ́ta la ní. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́fà, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Barnawa là ń gbé. Àwọn aládùúgbò tó mọ àbíkẹ́yìn wa mọ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn tó bá ti sùn lọ́sàn-án. Tí kò bá sùn, ẹ wábi gbà!

Tó bá ti ń di aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nu ojú, á máa fa etí ara ẹ̀. Tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lásìkò yẹn, wákàtí méjì gbáko ni. Tí a bá jẹ́ kó kọjá aago kan ààbọ̀, oorun á fò lọ, igbe á gba ipò ẹ̀, alẹ́ gan-an ò sì ní rọgbọ. Àwọn kan máa ń sọ pé a ti kẹ́ ẹ ní àkẹ́bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2019 pé ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín òru àti ọ̀sán, oorun ọ̀sán sì wà nínú iye yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Ara ọmọ ló ń béèrè nǹkan ẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, ní ọlidé Àjíǹde, ọmọ ọ̀hún ò tíì pé ọdún kan ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ń gbé ní Kubwa. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnu lásán o. Òun ló san owó ilé ìwé fún bàbá àwọn ọmọ yìí, òun ló dúró bíi bàbá níjọ́ ìgbéyàwó wa. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra láti Rigasa máa ń dúró ní Kubwa kó tó dé Idu. Kí ni ènìyàn tún ń wá? Ilé ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùdókọ̀ ojú irin ò jìnnà sílé. A ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí a ò rò ni pé Magicland ò sí ní Kubwa. Kukwaba ló wà, ní ìhà ọ̀dọ̀ pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n fi orúkọ MKO Abíọ́lá sọ ní 2019. Àwọn ará Àbújá mìíràn ṣì ń pe ibẹ̀ ní Wonderland, orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ títì Kubwa sí àárín ìlú mọ̀ pé ó lè rọrùn lónìí, kó sì dì pa lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a fẹ́ jáde ní aago mẹ́sàn-án. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ní kò sẹ́ni tó máa jáde nílé òun láìjẹ iyán. Ta ló máa sọ pé rárá? Aago mọ́kànlá ààbọ̀ la tó wọ mọ́tò. Gósílóò mú wa lọ́nà. Àbíkẹ́yìn sùn lọ lórí itan ìyá ẹ̀, ó sùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, mọ́tò dúró lẹ́nu géètì, ojú ẹ̀ là. Oorun ọ̀sán parí nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń tọ́ ọmọ mọ̀ pé oorun péńpé bẹ́ẹ̀ burú ju àìsùn lọ, torí ó ti gba okun lọ́wọ́ oorun gidi, kò sì sinmi.

A pọ̀n ọ́n, ó kọ̀. A gbé e, ó ń ta bíi ẹja. Oòrùn mú. Àwọn àgbà méjèèjì ò tíì ṣe ju eré méjì lọ tí a fi ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Àkọ́bí wa ò sunkún. Ó kan kọjú sí fèrèsé mọ́tò, ó ń wo kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn tó ń gbé èèyàn yí lókè, títí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mọ́mì, nígbà mìíràn ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ nílé.” Àbúrò ẹ̀ ló ń bá wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá dé ọkàn. A ò fẹ́ kí ọmọ kan máa wo ọmọ ìyá ẹ̀ bí ẹni tó ń ba ayé òun jẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé fún àwa ará Kàdúná, ìrìn àjò Àbújá kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń tún ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn títì yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2016, a ní Ọlọ́run ti yọ wá. Ìṣẹ̀lẹ̀ 28 oṣù kẹta 2022 wá dé, àwọn apanilẹ́kún jáa kọ lu ọkọ̀ ojú irin náà lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ sínú igbó. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Títí di òní, tí a bá ti wọlé jókòó ní Rigasa, àdúrà la kọ́kọ́ ń gbà ká tó wá ìjókòó wa. Ẹni tó bá fara da gbogbo ìyẹn kó ọmọ débẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ géètì nìkan lọmọ máa rí.

Nítorí náà, nígbà tí Kérésì ń bọ̀, a ní ká ronú. A kọ́kọ́ ṣe ìdánwò nílé. Ní Sátidé méjì tó tẹ̀ léra, a kó gbogbo wọn lọ sí páàkì Gamji wa níbí, létí odò Kàdúná. Orúkọ Ọ̀gágun Hassan Usman Katsina, tó jẹ́ gómìnà ológun ìhà Àríwá láti 1966, ni orúkọ páàkì náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Gamji ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ a ní ká wò ó bóyá á sùn lórí ẹní lábẹ́ igi. Kò sùn. Ẹyẹ ń ké, ọmọ ẹlòmíràn ń sáré kọjá, ẹni tó ń ta gúgúrú dé. Ní Sátidé kejì, bó ṣe ń fa etí ni ọ̀kan nínú wa gbé e padà sílé, èkejì dúró ti àwọn àgbà. Nígbà tó jí, ó tún padà wá bá wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ṣeré dé ìrọ̀lẹ́.

Ibẹ̀ lojú wa ti là. Ohun tó jẹ́ kí Gamji rọrùn ni pé ilé wa ò jìnnà. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà nítòsí, nítorí náà a lè pín ara wa sí méjì, ká sì tún padà pàdé. Tí ibi tí a máa sùn l'Ábújá bá jìnnà sí páàkì, kò sí bí a ṣe lè pín ara wa. Bí ọmọ kékeré bá ń lọ sílé, gbogbo ilé ń lọ sílé nìyẹn.

A wá tò ó sílẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọmọ ò ní bẹ́ẹ̀dì rárá níbẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù la sì máa jí i ká tó lè ti Barnawa dé Rigasa. Ọmọ tí a jí ṣáájú aago ẹ̀, oorun ọ̀sán á tètè kì í mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ilé ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀nà kẹta ni òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú lẹ́yìn ìlú, èyí tó jẹ́ ìṣòro Kubwa kan náà, kò sì ní iyán Àǹtí nínú. Ọ̀nà kẹrin ni òtẹ́ẹ̀lì nítòsí páàkì. Ìyẹn wọ́n. Owó òru méjì níbẹ̀ ju owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin gbogbo wa lọ, àlọ àti àbọ̀. A wo ara wa. A dín eré méjì kù nínú èyí tí a fẹ́ sanwó fún, a ní kò sí aṣọ Kérésì tuntun fún àwa àgbà, a mú ọ̀nà kẹrin.

Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa tó ń gbé Wuye, bá wa wá òtẹ́ẹ̀lì. A bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ lálẹ́, kó lọ ní aago kan sí méjì ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń lọ wo òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án? Ṣùgbọ́n ó lọ. Ní àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn àríyá wà lábẹ́ ilé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún bí ààrá. Ní ìkejì, wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí NEPA bá mú iná, torí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó ń sùn lọ́sàn-án. Ní ìkẹta, ilé náà kéré, kò sí ohun ẹ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, yàrá tó kọjú sẹ́yìn wà, wọ́n sì ní àwọn máa tan jẹnẹrétọ̀ láti aago méjìlá sí mẹ́ta tí iná bá lọ. A ní òun nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì tó dára lálẹ́ lè má dára lọ́sàn-án o.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n.

A pè é lórí fóònù. Bàbá àwọn ọmọ kí i tán, ó ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ó wá ní, “Ṣé ilé mi ti wó ni?” A ní rárá, sà. Ó ní, “Àbí ìyàwó mi ṣẹ̀ yín?” A ní rárá o. Ó ní, “Nígbà tí o wà nílé ìwé, òtẹ́ẹ̀lì wo lo máa ń sùn tó o bá wá kí mi?” Ó pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ délé, ní Òffà. Ìyá wa pè wá lálẹ́ ọjọ́ kejì. Màmá ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀gbọ́n yín wà l'Ábújá, ẹ̀ ń fi owó gba bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ ọdún méjì? Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo yín, ẹ̀yìn mi lẹ ti sun oorun ọ̀sán lọ́jà, ta ló kú?” A ò jiyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń wí yìí, Màmá jókòó ti ìsọ̀ wọn ni, lábẹ́ òjìji, ariwo ọjà sì ti mọ́ ọmọ lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ní páàkì, ibi tuntun ni gbogbo ẹ̀, ohùn tuntun, iná tuntun, ọmọ náà ò sì fẹ́ kí nǹkan kan kọjá òun. Ọmọ ọdún méjì tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì àbọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ oṣù mẹ́fà nínú ọ̀já.

Ohun tí a ṣe ni pé a padà pe ẹ̀gbọ́n, a ò sì ṣàlàyé mọ́. Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀. A ní ká tó pe òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ló yẹ ká kọ́kọ́ pè, ibẹ̀ la ti jẹ̀bi. Òótọ́ sì ni. A ti pinnu tán ká tó sọ fún wọn, bí ẹni pé ìròyìn la kàn fẹ́ fún wọn. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká sun òru méjì nítòsí páàkì nítorí ọmọ, ká wá sun òru kẹta àti ìkẹrin lọ́dọ̀ wọn kó tó di pé a wọ ọkọ̀ ojú irin padà ní Kubwa. Wọ́n ní, “Kò burú.” Ẹ̀yin náà mọ irú “kò burú” yẹn. A kó ẹrù wa lọ pẹ̀lú ẹ̀ nínú.

Ọkọ̀ gbé wa dé Idu. A ti sọ fún òtẹ́ẹ̀lì ṣáájú pé a ò lè dúró di aago méjì kí wọ́n tó fún wa ní yàrá. Wọ́n gbà. Ọmọ wọ bẹ́ẹ̀dì ní aago kan kù díẹ̀, pẹ̀lú ìborùn tó fi ń sùn nílé, a fa aṣọ fèrèsé, a tan fáànù kí ìró ẹ̀ bo ariwo ìta. Ó sùn. Ìyá ẹ̀ náà sùn. Bàbá kó àwọn àgbà lọ sí páàkì. Nígbà tó máa di aago mẹ́ta ààbọ̀, a ti pé síbẹ̀, márààrún. Àkọ́bí wa gun kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn, ó fọwọ́ juwọ́ sí wa látòkè. Ó sọ̀ kalẹ̀ tán, ó gba àbúrò ẹ̀ kékeré lọ́wọ́ wa, ó ní òun fẹ́ fi ẹṣin tó ń yí hàn án. A ò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ni, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti ẹran lọ́wọ́ kan, fúláásì lọ́wọ́ kejì. Kó tó la ẹnu, ìyá àwọn ọmọ ti fi ìka lé ètè, ó sì ti kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rí ọmọ tó na tantan, tó ń hanrun. Wọ́n rọra jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi wá nípa Kàdúná, nípa iṣẹ́, nípa owó epo. A ò rí ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rí láyé wa. Wọ́n wá dìde, wọ́n ní, “Níbo làwọn yòókù wà? Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn.” Wọ́n lọ bá bàbá àwọn ọmọ ní páàkì, wọ́n sì san owó eré méjì tí a ti dín kù.

Wọn ò sọ pé a ṣe dáadáa o. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń lọ ni pé ká má gbàgbé kúlà Àǹtí.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, a ti wà ní Kubwa pẹ̀lú kúlà. Iyán wà. Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí ibi tí a ń sáré lọ. Tó di aago méjìlá ààbọ̀, àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí. Àǹtí ò wò wá lójú, wọ́n fa ìró yọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín kíṣìnì àti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ sùn fọnfọn. Wọ́n pe Màmá lórí fídíò kí wọ́n wá wò ó. Màmá rẹ́rìn-ín títí. A fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ibi náà bá dákẹ́, tí ẹni tó pọ̀n ọmọ ò sì ní ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń múra ìrìn àjò, ohun tí a máa sọ fún yín ò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ aago tí oorun máa ń gbé ọmọ yín, kí ẹ tó wo iye owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ béèrè bó ṣe máa ń rí níbẹ̀ lọ́sàn-án: ṣé iná máa wà, ṣé àríyá wà, ṣé yàrá ẹ̀yìn wà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní yàrá ṣáájú aago méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n ṣáájú, torí aago méjìlá ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kéèyàn kó jáde, àsìkò oorun ọmọ sì nìyẹn. Tí omi ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà níbẹ̀ tí kò sí ọgbà yí i ká, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ mú ìborùn tàbí ìrọ̀rí ọmọ látilé, kí imú ẹ̀ lè mọ ibi tó wà. Tí ẹ bá sì ní mọ̀lẹ́bí nílùú yẹn, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó pe òtẹ́ẹ̀lì. Èyí ló ṣe pàtàkì jù.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ní tiwa, nígbà tí a wá ibi tí ọmọ lè sùn sí dáadáa, gbogbo ilé ló sùn, gbogbo ilé ló sì ṣeré.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn tó ti kó ọmọ kékeré lọ sí Jos, Kánò tàbí sílé lọ́hùn-ún, báwo lẹ ṣe ń ṣe oorun ọ̀sán lọ́nà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ kọ́gbọ́n. Ọ̀nà ò ní nà wá o.